Ọjọ́ Tí A Kó Àwọn Ọmọ Lọ Wo Àlejò Òkúta ní Èsìẹ́

Òórùn ẹran àgbò díndín nínú mọ́tò tí oòrùn ti ń pa láti àárọ̀, òun ló máa ń kọ́kọ́ wá sí imú mi bí mo bá rántí ọjọ́ náà. Ẹran Iléyá ni. Ìyá mi ló kó o sínú abọ́ tánganran, ó fi ìborùn rẹ̀ àtijọ́ dì í, ó sì gbé e lé ẹsẹ̀ láti Ọ̀mù-Àrán títí a fi dé Èsìẹ́, bí ẹni pé ọmọ tuntun ni. Fèrèsé mọ́tò wà ní títì nítorí eruku. Èmi ni mo wà nídìí ọkọ̀. Mo wọ sáfárì, mo fi awò dúdú sójú, mo wọ bàtà gogoro tí gbogbo ayé ti pa tì láti ọjọ́ pípẹ́, mo sì ń làágùn. Bí ẹnikẹ́ni bá dín ẹran lónìí, tí ilé bá móoru díẹ̀, mo ti padà sínú mọ́tò yẹn nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí bàtà gogoro náà ṣe dé ẹsẹ̀ mi. Nígbà tí owó epo ń ṣàn, iṣẹ́ aṣọ híhun ni mò ń ṣe ní ilé iṣẹ́ ńlá kan ní Èkó. Ayé dára. Ilé iṣẹ́ ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru, àwa náà ń náwó tọ̀sán tòru. Ìgbà náà ni mo ra bàtà náà, tó jẹ́ àṣà tó lòde, tí mo sì ra mọ́tò kékeré kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí roboto, irú èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní ìjàpá. Bí mo bá ń bọ̀ nílé fún Iléyá, láti ìta ìlú ni mo ti máa ń fun fèrè rẹ̀, kí àwọn tó wà lóko pàápàá lè mọ̀ pé mo dé. Mo rò pé báyìí la ó ṣe máa bá a lọ. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ, ṣùgbọ́n ta ló ń gbọ́ òwe nígbà tí mọ́tò bá wà lẹ́nu ọ̀nà?

Kò pẹ́, ayé yí. Mílíìkì di ohun tí à ń tò fún, ṣúgà di ohun tí à ń fi pamọ́ de àlejò. Wọ́n dá iṣẹ́ òru dúró ní ilé iṣẹ́ wa, lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dá ènìyàn dúró, wọ́n sì ní kí àwa tó kù máa wá ní ọ̀sẹ̀ kan, ká fi ọ̀sẹ̀ kejì jókòó sílé. Òwú ni kò dé láti òkè òkun, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, mo ti mọ̀ nínú ara mi pé ọjọ́ tiwa náà ń bọ̀. Ibi tí ọkàn mi lọ ni pé kí á fi àwọn ọmọ wa méjèèjì sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá mi ní Ọ̀mù, kí wọ́n máa lọ sí ilé ìwé níbẹ̀, kí wọ́n máa jẹ iṣu oko, títí ayé yóò fi tún dára. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, mi ò rí ọ̀nà mìíràn.

Ìyàwó mi kò bá mi jà. Ọmọ Ẹ̀gbá ni, kì í pariwo. Pẹ̀lẹ́ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń wá, ibi tó bá sì fi í sí ló máa ń wà. "Bàbá wọn," ó ní, "ọmọ kì í ṣe ẹrù tí à ń já sílẹ̀. Àkọ́bí wa ti gbọ́n. Bó bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun fẹ́ dúró ti ìyá yín, mo gbà. Bí kò bá sọ ọ́, gbogbo wa la jọ máa padà sí Èkó, ká jọ lọ máa mu gàrí." Ohun tó le nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé ó tọ́.

Àkọ́bí wa nígbà náà kò ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ, ṣùgbọ́n ìbéèrè ló fi ń jẹun. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin kò ní wàhálà. Ibi tí oúnjẹ bá wà, ìlú rẹ̀ nìyẹn. Ọmọbìnrin yìí ni kò rọrùn. Ó fẹ́ràn ìyá mi, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ọ̀mù, ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn Ọ̀mù. Iná kò sí. Omi kànga ń run erùpẹ̀. Àwọn ọmọ agboolé ń fi Yorùbá Èkó rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀. Bí òun náà bá sì fetí sí èdè Ìgbómìnà tiwọn, kì í gbọ́ ju ìdajì lọ. Ọjọ́ kejì ọdún ló ti di báàgì rẹ̀, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó jókòó tì í.

Mo bá rò ó pé mo gbọ́dọ̀ fi nǹkan hàn án. Èkó ní òkun, ó ní sinimá, ó ní afárá tí mọ́tò ń gbà lórí mọ́tò. Kí ni àwa ní? Àwa ní ère òkúta Èsìẹ́. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń fi àwọn ère náà fọ́nnu ní Èkó. Bí ẹnikẹ́ni bá ti dárúkọ ìlú rẹ̀ níbi iṣẹ́, èmi á ní, "Ṣé ìlú yín ní ọba òkúta?" Èsìẹ́ kì í ṣe Ọ̀mù, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti wà ní Èkó, gbogbo ilẹ̀ Ìgbómìnà ni ìlú rẹ̀. Ọmọ ẹni kò sì ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo rí àwọn ère náà rí, nígbà tí tíṣà kó wa lọ láti ilé ìwé, ohun tí mo sì rántí jù nínú ìrìn àjò yẹn ni àkàrà tí wọ́n fún wa jẹ nígbà tí à ń bọ̀.

Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ ni pé mo sọ ọ́ ní gbangba. Mo dúró sí ojúde lẹ́yìn ìrun àárọ̀, mo ní, "Mo fẹ́ kó àwọn ọmọ yìí jáde lọ sí Èsìẹ́ lónìí." Ní Èkó, ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀, òun àti ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ nìyẹn. Ní agboolé wa, mọ́tò tó bá fẹ́ jáde, ti agboolé ni. Kí n tó nu gíláàsì iwájú tán, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti yọ pẹ̀lú agbádá ọdún àti ọ̀pá rẹ̀, ó ti ṣí ilẹ̀kùn iwájú, ó sì ti jókòó. "Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ lọ kí àwọn àna wa ní Rore," bàbá náà ní. "Ọlọ́hun ló ní kí o bọ́ sójú ọ̀nà lónìí." Ta ni yóò sọ fún bàbá pé ìyàwó ló ni ibẹ̀? Ìyàwó mi ti kúnlẹ̀ kí i, ó ti bọ́ sẹ́yìn. Ìyá mi wọlé tẹ̀ lé e, òun àti abọ́ ẹran rẹ̀. Ọmọbìnrin há sáàárín àwọn méjèèjì, ọmọkùnrin wà lórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀.

Mọ́tò kọ̀, kò jí. Àwọn ọmọ agboolé tì í. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yí lọ, ẹ̀gbọ́n bàbá mi na ọ̀pá rẹ̀ síwájú, ó ní, "Wọ́n ní, 'Ìjàpá, ìgbà wo lo máa dé?' Ó ní ó di ìgbà tí òun bá tẹ́." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo rẹ́rìn-ín jù.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló lọ́kọ sí Rore. Ènìyàn kì í gba iwájú ilé àna rẹ̀ kọjá nígbà ọdún kó má yà kí wọn. Wọ́n á máa sọ ọ́ títí di ọdún mìíràn. Èrò mi ni pé a ó kí wọn láti ojú fèrèsé mọ́tò. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wò mí bí ẹni tí kò mọ ilé tí wọ́n ti bí mi. A sọ̀ kalẹ̀, a bọ́ bàtà, a jókòó sórí ẹní. Wọ́n kí wa kú ọdún, a kí wọn kú ìyèdún. Wọ́n béèrè ará ilé, wọ́n béèrè ará Èkó, wọ́n ṣe àdúà fún àwọn tó ti kú. Wọ́n gún iyán. Ìyá mi ṣí abọ́ rẹ̀, ó fún wọn ní ẹran Iléyá tiwa. Àwọn náà wọlé, wọ́n bu ẹran Iléyá tiwọn wá fún wa, wọ́n sì bù ú ju èyí tí a fún wọn lọ, nítorí àna kì í fẹ́ kí àna borí òun. Ọmọbìnrin mi jẹ òkèlè iyán kan, ó ní òun ti yó. Ìyá ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, arúgbó tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ní, "Ọmọ Èkó kò jẹ iyán wa," ó sì rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ pé ọmọ náà fi ọ̀rọ̀ yẹn pamọ́.

Bí a ṣe dé Àràndùn, ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan ló tún jókòó síwájú ilé rẹ̀, tó ń gba atẹ́gùn. Ẹran wa tún jáde, ẹran tiwọn tún wọlé. Abọ́ tí kò kún nígbà tí a gbé e kúrò nílé ti kún dé ẹnu báyìí, ìborùn kò sì bò ó mọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi bọ́ agbádá, ó nà sórí ẹní ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ní, "Ẹ máa lọ ní tiyín. Òkúta kì í sá lọ. Ẹ yà mú mi bí ẹ bá ń bọ̀." Inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ìyàwó mi padà síwájú. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀.

Oòrùn ti yẹ̀ nígbà tí a dé Èsìẹ́. Ibi tí àwọn ère náà wà tutù, àwọn igi ńláńlá ló ṣíji bò ó. Ọkùnrin tó ń tọ́jú ibẹ̀ ti ń palẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n nígbà tó rí àwọn ọmọ, ó tún ilẹ̀kùn ṣí. Mo ti gbàgbé bí wọ́n ṣe pọ̀ tó. Wọ́n jókòó lọ bẹẹrẹ, ọkùnrin àti obìnrin. Òmíràn di idà mú, òmíràn gbé ọwọ́ lé orúnkún, ilà wà lójú wọn, wọ́n sì ń wò wá. Àwọn mìíràn kò lórí mọ́. Àkọ́bí mi dúró gbọnin. Láti ìgbà tí a ti kúrò ní Èkó, ọjọ́ yẹn ni ojú rẹ̀ kọ́kọ́ là. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Dádì, ta ni wọ́n?"

Inú mi dùn débi pé mi ò lè dúró jẹ́ẹ́. Olùtọ́jú ibẹ̀ ti la ẹnu láti dáhùn, mo na ọwọ́ sí i. "Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún wọn fúnra mi," mo ní. "Ọmọ ilẹ̀ yìí ni mí." Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fà sẹ́yìn. Mo gbé awò dúdú sókè orí, mo bẹ̀rẹ̀. Mo ní láyé àtijọ́, àwọn àlejò kan wá láti ọ̀nà jíjìn, àwọn àti ọba wọn, àwọn àti ìyàwó àti ọmọ wọn. Ilẹ̀ wa wù wọ́n. Wọ́n jókòó, wọ́n ní àwọn kò lọ mọ́. Ọ̀rọ̀ wá ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn àti onílùú, inú bí àwọn tí inú ń bí, ọ̀rọ̀ ńlá jáde lẹ́nu, bí wọ́n ṣe jókòó yẹn gan-an ni wọ́n di òkúta. Mo fi iyọ̀ sí i, mo fi ata sí i. Mo tọ́ka sí ère obìnrin kan, mo ní oúnjẹ ló ń sè lọ́wọ́ nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Mo wo ojú ìyàwó mi bóyá ó ń gbọ́.

"Ṣé ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti wá lóòótọ́?" ọmọ mi béèrè.

"Ọ̀nà jíjìn gan-an."

"Bíi Èkó?"

"Á jìnnà ju Èkó lọ," mo ní, mo sì ń yan.

"Wọ́n sì fẹ́ máa gbé ibí?"

"Mo ti sọ fún ọ pé ilẹ̀ wa wù wọ́n."

Ó wo àwọn ère náà láti iwájú títí dé ẹ̀yìn. "Ìyẹn ni pé," ó ní, "àlejò tó bá ti ọ̀nà jíjìn wá dúró sí ìlú yín, òkúta ló máa ń dà?"

Àbúrò rẹ̀, tó ti rẹ̀, tó ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láti ìgbà tí mo ti ń sọ ìtàn, fò dìde. Ó wo ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó wo tòsì, ó gbọ̀n wọ́n, ó sì figbe ta. Mo sáré láti gbé e, gìgísẹ̀ bàtà gogoro mi kan kán, ó ku díẹ̀ kí n fẹ̀yìn lé ọba òkúta. Ìyàwó mi ti kọjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń mì. Mo rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni.

Mo gbìyànjú láti tún un ṣe. "Àwọn ìyẹn kò bọ̀wọ̀ fún onílùú ni," mo ní. "Bí àlejò bá ti bọ̀wọ̀, kò sí ohun tó máa ṣe é." Ojú ọmọbìnrin mi yí padà. "Mi ò jẹ iyán wọn tán ní Rore," ó ní, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi rèé, ọ̀ràn ti bá a. Ọmọ náà fa ọwọ́ rẹ̀ yọ lọ́wọ́ mi, ó jáde, ó wọ inú mọ́tò, ó ti ilẹ̀kùn. "Mo fẹ́ lọ sí Èkó," ó ní láti ojú fèrèsé. "Lónìí."

Mo dúró láàárín àwọn òkúta pẹ̀lú bàtà kan tó ga àti èkejì tó kúrú. Ẹ̀rín ti kúrò lójú ìyàwó mi. Kò ní ṣé mo rí i, ó gba ọmọkùnrin lọ́wọ́ mi. Ẹ̀rù bà mí. Mo rí ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ wa tí wọ́n ti tì pa, mo rí yàrá wa ní Èkó, mo rí àwọn ọmọ méjèèjì tí wọ́n ń wo ọwọ́ mi, tí kò sì sí nǹkan kan nínú ọwọ́ náà. Ẹnu mi ni mo fi bà á jẹ́. Bí kì í bá ṣe ti olùtọ́jú ère tó dúró síbẹ̀, ǹ bá sunkún.

Ìyá mi kò bá wa wọlé. Ó ní òun ti rí wọn nígbà èwe òun. Abẹ́ igi ló jókòó sí, lórí gbòǹgbò, òun àti abọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo jáde, ó ti wọ mọ́tò lọ bá ọmọ náà, ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún atẹ́gùn. Mo dúró sí ẹ̀yìn igi. Ìyàwó mi náà wá dúró tì mí.

"Kí ni bàbá rẹ sọ fún ọ?" ìyá mi béèrè. Ọmọ náà sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan obìnrin tó ń se oúnjẹ.

"Ti oúnjẹ yẹn, mi ò gbọ́ ọ rí," ìyá mi ní. "Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe sọ ìyókù fún wa náà nìyẹn. Ó dáa. Ṣé o mọ̀ pé àlejò ni èmi náà?"

"Ẹ̀yin? Ṣé ẹ̀yin kọ́ ni Ìyá Ọ̀mù ni?"

"Ìsánlú-Ìsin ni wọ́n ti gbé mi wá ní ìyàwó. Mo sunkún láti ẹnu ọ̀nà ilé bàbá mi títí mo fi dé Ọ̀mù. Ọjọ́ kejì ni mo ti di ẹrù mi, mo gbé e sẹ́nu ọ̀nà yàrá, mo jókòó tì í." Mi ò gbọ́ èyí rí láti ọjọ́ tó ti bí mi. Ó na apá rẹ̀ sí ọmọ náà. "Láti ìgbà yẹn ni mo ti wà ní Ọ̀mù. Já mi léèékánná, ká wò ó."

Ọmọ náà wo apá náà, ó sì já a léèékánná dáadáa.

"Yéè," ìyá mi ní. "Ṣé òkúta máa ń ké?"

"Rárá."

"Ó dáa. Jẹ ẹran."

Wọ́n jẹ ẹran. Ó ṣe díẹ̀, ọmọ náà ní, "Àwọn ọmọ ilé yẹn máa ń fi mí rẹ́rìn-ín."

"Wọ́n fi èmi náà rẹ́rìn-ín. Títí di òní, Ará Ìsánlú ni wọ́n ń pè mí ní agboolé. Bí mo bá sì dé Ìsánlú, àwọn yẹn á ní Ìyá Ọ̀mù ti dé." Ó rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, ó nu ọwọ́ ọmọ náà nù.

"Bí mo bá dúró, ṣé ẹ máa jẹ́ kí n máa já yín léèékánná ní àràárọ̀, kí n lè mọ̀?"

"Ní àràárọ̀. Kí n tó kírun."

"Títí iṣẹ́ Dádì fi máa dáa?"

"Títí Ọlọ́hun fi máa jẹ́ kó dáa."

A kò sọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ mi létí ọmọ yìí rí. Ó yọ orí síta, ó rí wa lẹ́yìn igi, ó ní, "Mọ́mì, mo máa dúró lọ́dọ̀ Ìyá Ọ̀mù." Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́. Ìyàwó mi fi etí ìró nu ojú, ó ní, "Mo ti gbọ́, ọmọ mi." Ó ti fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ síbì kan, kò sì yí i padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo rí i pé ì bá fẹ́ yí i.

Ìdùnnú mi pọ̀ débi pé a kọjá Àràndùn, a kọjá Rore, kí ìyá mi tó béèrè pé, "Ta ló jókòó síwájú nígbà tí à ń lọ?" Mo yí mọ́tò padà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti wọ agbádá rẹ̀, ó ti jókòó sétí títì lórí bẹ́ǹṣì, ọ̀pá wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wo ojú mi. Ó wo bàtà mi tó kán. "Ìjàpá ti dé," ó ní. Kò parí òwe náà.

A fi wọ́n sílẹ̀, a lọ sí Èkó. Iṣẹ́ kò dára. Kí ọdún náà tó yí po, wọ́n ti ilé iṣẹ́ wa pa. Mo ta ìjàpá. Mo di ẹni tó ń ṣe èyí tó bá yọjú, ìyàwó mi ń ránṣọ, ohun tí a bá rí la fi ń ránṣẹ́ sílé. Mo máa ń sọ fún ara mi pé lọ́dún tó ń bọ̀ la máa lọ kó wọn wá. Ọdún ń bọ̀, ọdún ń lọ.

Nígbà tí a kọ́kọ́ padà lọ fún Iléyá, ọkọ̀ èrò la wọ̀. Àkọ́bí mi ló kọ́kọ́ rí wa. Ó ń bọ̀ láti kànga, omi wà lórí rẹ̀, kò sì fi ọwọ́ dì í mú. Ó sọ omi kalẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó kí wa ní èdè Ìgbómìnà, ó gba báàgì lọ́wọ́ mi, ó bu omi tútù fún mi, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ láti ṣe fún àlejò. Lẹ́yìn náà ló béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bí wọ́n ṣe ń béèrè lọ́wọ́ àlejò, pé, "Ìgbà wo lẹ máa padà?" Àbúrò rẹ̀ sá sẹ́yìn ìyá mi, ó ń yọjú wò mí. Mo mu omi náà tán. Mo ní ó tutù dáadáa.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo rí i tó wọ yàrá ìyá mi kí wọ́n tó kírun. Mo gbọ́ "Yéè," mo sì gbọ́ ẹ̀rín àwọn méjèèjì. Èmi jókòó sí ojúde, apá mi méjèèjì wà lórí ẹsẹ̀ mi, kò sí ẹni tó wá já mi léèékánná. Ó dùn mí. Wọ́n ní àlejò lójú, kò fi í ríran, ṣùgbọ́n èmi ríran lọ́jọ́ yẹn. Ohun tí mo wakọ̀ lọ béèrè ní Èsìẹ́ ni mo rí gbà: mo fẹ́ kí àwọn ọmọ mi fẹ́ràn ìlú mi, wọ́n sì ti fẹ́ràn rẹ̀.

Ìyá mi ti lọ báyìí. Ọmọkùnrin wa wà ní Ìlọrin. Àkọ́bí wa ń ṣe tíṣà ní Ọ̀mù, ó lọ́kọ níbẹ̀, ó bímọ níbẹ̀. Èmi àti ìyàwó mi ṣì wà ní Èkó, a máa ń lọ sílé fún Iléyá. Bàbá Èkó ni àwọn ọmọ-ọmọ mi ń pè mí, èmi tí mo na ọwọ́ sí olùtọ́jú ère pé ọmọ ilẹ̀ yìí ni mí.

Ní Iléyá tó kọjá, àkọ́bí mi ló wakọ̀, ó kó gbogbo wa lọ sí Èsìẹ́. A yà ní Rore, a yà ní Àràndùn, ẹran jáde, ẹran wọlé, mi ò wo aago. Ó sọ ìtàn àwọn àlejò náà fún àwọn ọmọ rẹ̀, ó sì fi obìnrin tó ń se oúnjẹ sí i. Èmi jáde lọ jókòó sórí gbòǹgbò igi níta. Orúnkún mi kì í gbọ́ràn mọ́. Bí mo bá jókòó, ó máa ń pẹ́ kí n tó lè dìde. Àbíkẹ́yìn àkọ́bí mi, ọmọbìnrin kékeré kan, jáde wá, ó dúró níwájú mi. Ó wò mí. Ó wo ẹnu ọ̀nà ilé ère. Ó tún wò mí. Ó wá na ọwọ́, ó já mi léèékánná ní apá.

"Yéè," mo ní.

Ó sáré padà sẹ́nu ọ̀nà. "Mọ́mì, Bàbá Èkó ò tíì di òkúta," ó ní. "Ó ṣì ń dùn wọ́n."

Ọwọ́ ọmọdé kò lágbára, kò dùn mí tó bí mo ṣe ké. Mo fi ọwọ́ kejì bo ojú ibẹ̀, mo sì jókòó bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi wá fà mí dìde.